Bí a ṣe pín hóró iná 1,200 sí ẹnu mẹ́jọ bọ́ọ̀dù kan ní Pópó Àgùdà

Ilé tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ènìyàn wa tí wọ́n padà dé láti Bùràsíìlì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kọ́ sí Erékùṣù Èkó, kò sì jìnnà sí pápá Campos. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, ni ó ń gbé ibẹ̀. Ní ọdọọdún ni a máa ń fi iná ṣe iwájú ilé náà lọ́ṣọ̀ọ́ fún Kérésìmesì. Iwájú ilé náà lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi yẹ kí a kàn ju okùn iná sí i lára: fèrèsé mẹ́rin ni ó wà lókè, orí wọn tẹ̀ bí òṣùmàrè, ẹnu ọ̀nà ńlá kan wà nísàlẹ̀, báńkóònì wà láàárín, ìgbátí òrùlé sì nà láti ọwọ́ ọ̀tún dé ọwọ́ òsì. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ìmọ́lẹ̀ tẹ̀ lé gbogbo ìlà wọ̀nyí, kí ó máa rìn lára wọn bí omi ṣe ń ṣàn, kí ó má fò, kí ó má sì fà.

Ògiri náà ti dàgbà, sìmẹ́ǹtì ara rẹ̀ sì ti ń ṣí níbì kan. Nítorí náà a kò kan ìṣó kankan mọ́ ọn. Káfíńtà kan ládùúgbò ló bá wa gé férémù onígi tí ó bá fèrèsé kọ̀ọ̀kan mu, èmi àti ọmọṣẹ́ mi sì lu ihò oníwọ̀n mílímítà 12 sára wọn, èyí tí hóró iná tí a ń lò wọ̀ dáadáa, tí ó sì dì mú. Fèrèsé kọ̀ọ̀kan ní ìlà méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ hóró 150. Hóró 150 náà ni a fún ẹnu ọ̀nà, 150 fún báńkóònì, 150 fún ìdajì ìgbátí òrùlé lápá òsì, àti 150 fún ìdajì rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ìdí nìyẹn tí ẹnu bọ́ọ̀dù, ìyẹn ibi tí okùn kọ̀ọ̀kan ti ń gba dátà, fi jẹ́ mẹ́jọ, tí gbogbo hóró sì jẹ́ 1,200.

Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó lọ́dún tó kọjá

Kí a tó lè mọ ìdí tí a fi pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tí ó ń darí àwọn iná náà, ó yẹ kí n sọ bí okùn iná irú èyí ṣe ń gba iṣẹ́ tí a rán sí i. Hóró kọ̀ọ̀kan ní IC kékeré kan nínú, ìyẹn ẹ̀rọ tín-ín-rín tí ó ń darí àwọ̀ rẹ̀, WS2811 ni orúkọ rẹ̀, okùn kọ̀ọ̀kan sì ní wáyà mẹ́ta péré: pọ́sítíìfù, nẹ́gẹ́tíìfù, àti wáyà dátà. Kò sí hóró kan tí ó mọ nọ́ńbà ara rẹ̀. Bí oúnjẹ tí a gbé kalẹ̀ fún àwọn ọmọ tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ ni ọ̀rọ̀ náà rí: ẹni àkọ́kọ́ bu ìwọ̀n tirẹ̀, ó gbé ìyókù fún ẹni kejì, ẹni kejì bu tirẹ̀, ó tún gbé e síwájú. Ìwọ̀n tí hóró kan ń bù jẹ́ bíìtì 24 (bíìtì kan jẹ́ òdo tàbí ení), mẹ́jọ fún pupa, mẹ́jọ fún àwọ̀ ewé, mẹ́jọ fún búlúù. Nígbà tí wáyà náà bá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, gbogbo wọn yóò mọ̀ pé oúnjẹ ti tán, wọn yóò sì tan àwọ̀ tí wọ́n bù lẹ́ẹ̀kan náà.

Bíìtì kan ń gba máíkírósẹ́kọ́ǹdì 1.25, nítorí pé bíìtì 800,000 ni wáyà náà ń gbé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Hóró kan, tí ó ní bíìtì 24, yóò gba máíkírósẹ́kọ́ǹdì 30. Ìṣirò yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Bí a bá so hóró 1,200 pọ̀ mọ́ ara wọn lórí okùn kan ṣoṣo, mílísẹ́kọ́ǹdì 36 ni àwòrán kan yóò fi dé òpin okùn, èyí tí kò lè jẹ́ kí a rí ju àwòrán 27 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kódà bí bọ́ọ̀dù kò bá ní iṣẹ́ mìíràn rárá.

Mo mọ ìṣirò yìí lọ́dún tó kọjá, ìdí sì nìyẹn tí mo fi pín àwọn okùn sí orí pínnì (ojú ibi tí dátà ń gbà jáde) mẹ́jọ lára Arduino Mega, bọ́ọ̀dù tí mo lò nígbà náà, tí mo sì gbà pé mo ti yanjú ọ̀ràn náà. N kò yanjú rẹ̀. Àkójọ ètò tí mo lò lórí Mega ń rán iṣẹ́ sí okùn kìíní, ó ń dúró kí ó parí, kí ó tó bọ́ sórí ìkejì, títí dé ìkẹjọ. Mílísẹ́kọ́ǹdì 4.5 ni okùn kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ní ìlọ́po mẹ́jọ, 36 náà ni. Ihò mẹ́jọ wà lára bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ẹnu kan ṣoṣo ni ó fi ń sọ̀rọ̀.

Èyí tí ó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé, nítorí pé àkókò bíìtì kò gbọ́dọ̀ yẹ̀, ètò náà ní láti di etí bọ́ọ̀dù sí gbogbo ohun mìíràn nígbà tí ó bá ń rán dátà. Àwòrán tuntun tí kọ̀ǹpútà bá fi ránṣẹ́ láàárín àkókò yẹn sọnù. Ìdí nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ ìgbátí òrùlé fi máa ń dúró díẹ̀, tí yóò tún fò síwájú. Nígbà tí mo débẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún yìí láti wọn férémù, ohun àkọ́kọ́ tí Màmá Àgbà bi mí ni pé, “Ọkọ mi, ṣé iná tọdún yìí náà yóò máa fà bí ìgbín?” Mo ní, “Rárá, Màmá, a ti rí ohun tó ń fà á sẹ́yìn.”

Bọ́ọ̀dù tuntun

ESP32 ni mo mú fún iṣẹ́ náà. Ìrántí Mega kò ju kílóbáìtì 8 lọ. Ti ESP32 jẹ́ 520. Ṣùgbọ́n ìrántí kọ́ ni mo tìtorí rẹ̀ mú un. Inú rẹ̀ ni apá kan wà tí a ń pè ní I2S, tí ó lè gbé báìtì kan, ìyẹn bíìtì mẹ́jọ, jáde sórí pínnì mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó sì lè máa kó àwọn báìtì náà láti inú ìrántí fúnra rẹ̀ láìyọ ọpọlọ bọ́ọ̀dù lẹ́nu. Ọ̀nà tí a ń gbà kó o yìí ni a ń pè ní DMA. Ọpọlọ náà yóò kàn tò ohun tí ó fẹ́ rán sílẹ̀, yóò fọwọ́ kan I2S léjìká, yóò sì padà sídìí iṣẹ́ mìíràn.

Títò yẹn ni ó gba làákàyè jù, mo sì fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Bí dátà ṣe ń dé láti kọ̀ǹpútà, àwọ̀ okùn kìíní wà papọ̀, ti ìkejì wà papọ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n I2S kò mọ okùn. Báìtì ni ó mọ̀, bíìtì kọ̀ọ̀kan nínú báìtì kan sì ń lọ sí pínnì tirẹ̀. Nítorí náà a ní láti yí i padà: kí a mú bíìtì àkọ́kọ́ láti ara okùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kí a kó wọn sínú báìtì kan, kí a mú bíìtì kejì láti ara mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kí a kó wọn sínú báìtì mìíràn, títí dé bíìtì tí ó kẹ́yìn nínú hóró tí ó kẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ti rí ahunṣọ nídìí òfì, bí gbogbo òwú tí ó yẹ kí ó gòkè ṣe ń gòkè pọ̀ kí ọ̀kọ̀ tó gba àárín wọn kọjá, yóò mọ ohun tí mo ń wí.

Ohun kan ṣì kù. Òdo àti ení kì í ṣe ìyàtọ̀ láàárín kí iná wà àti kí ó má sí. Bí iná ṣe pẹ́ tó lórí wáyà ni ìyàtọ̀ wọn. Bí ó bá ga fún nǹkan bí máíkírósẹ́kọ́ǹdì 0.4 kí ó tó wálẹ̀, òdo ni. Bí ó bá ga fún nǹkan bí 0.8, ení ni. Mo wá pín bíìtì kọ̀ọ̀kan sí ìpín mẹ́ta: nínú ìpín kìíní, gbogbo pínnì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ga; nínú ìkejì, pínnì tí ó ń rán ení nìkan ni ó ṣì ga; nínú ìkẹta, gbogbo wọn wálẹ̀. Ní ìpín mẹ́ta fún bíìtì kan, bíìtì 24 fún hóró kan, àti hóró 150 fún okùn kan, báìtì 10,800 ni àwòrán kan jẹ́ fún okùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀. ESP32 gba méjì irú rẹ̀ láìnira, ó sì ń tò ọ̀kan sílẹ̀ nígbà tí èkejì ń jáde lọ. Gbogbo ilé ń gba àwòrán tuntun láàárín mílísẹ́kọ́ǹdì 4.5, nítorí pé okùn tí ó gùn jù ni ó ń pinnu àkókò, gbogbo okùn wa sì gùn bákan náà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ yan pínnì yẹ kí ó ṣọ́ra: pínnì 6 dé 11 wà fún ìrántí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, 34 dé 39 sì lè gba dátà wọlé nìkan, wọn kò lè rán an jáde.

Láti kọ̀ǹpútà dé bọ́ọ̀dù, ìlànà E1.31, tí a fi ń gbé dátà iná gba orí nẹ́tíwọọ̀kì, ni mo lò. Ó ń kó dátà sínú àpò tí ó ní àyè 512. Nígbà tí hóró kan ń gba àyè mẹ́ta, hóró 170 ni àpò kan lè gbà pátápátá. Nítorí pé okùn kọ̀ọ̀kan wa kò ju 150 lọ, mo fún okùn kọ̀ọ̀kan ní àpò tirẹ̀: àpò 1 fún ẹnu 1, àpò 8 fún ẹnu 8. Àyè 62 ṣófo nínú àpò kọ̀ọ̀kan, kò sì dùn mí rárá, nítorí pé nígbà tí okùn kan bá ṣàìsàn, mo mọ àpò tí mo gbọ́dọ̀ wò láìṣe ìṣirò kankan. Ètò kọ̀ǹpútà kan tí a ń pè ní xLights ni mo fi to bí ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe rìn, Raspberry Pi kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré, sì ń rán àwọn àpò náà jáde, àwòrán 40 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo fi wáyà nẹ́tíwọọ̀kì so wọ́n pọ̀, n kò lo Wi-Fi. Ilé sún mọ́ ilé ní àdúgbò yẹn, Wi-Fi olúkúlùkù sì ń rọ́ lu ti ẹnì kejì ní alẹ́.

Oúnjẹ àwọn iná náà

Bí hóró kan bá tan funfun dé góńgó, ó lè jẹ nǹkan bí áḿpù 0.06 ní fólítì 5. Okùn oníhóró 150 yóò jẹ áḿpù 9, gbogbo ilé yóò sì jẹ 72. A kò nílò ìmọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní òpópónà tóóró. Ìdá 30 nínú 100 ti tó láti mú kí ènìyàn dúró wò ó láìfọwọ́ bojú. Mo fi òdiwọ̀n náà sínú ètò, mo sì fi fíúsì áḿpù 5 sí ẹnu kọ̀ọ̀kan, kí ó lè jẹ́ pé bí ètò bá ṣìnà, fíúsì ni yóò já, wáyà kò ní gbóná lára igi. Power supply, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń fún wọn ní fólítì 5, méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ áḿpù 40 ni a rà ní Alaba, ẹnu mẹ́rin wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nẹ́gẹ́tíìfù méjèèjì pàdé; pọ́sítíìfù wọn kò gbọ́dọ̀ pàdé láé.

Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó so hóró mọ́ hóró ń jẹ fólítì bí okùn ṣe ń gùn sí i. Nígbà tí a kọ́kọ́ tan okùn 150 láti orí kan ṣoṣo, funfun tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ti di pupa rúsúrúsú kí ó tó dé òpin, nítorí pé iná búlúù àti ti àwọ̀ ewé nílò nǹkan bí fólítì 3 kí wọ́n tó tàn dáadáa, nígbà tí nǹkan bí 2 tó fún pupa. A wá fa wáyà oníwọ̀n 2.5 lọ bá okùn kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ibi tí hóró 50 bá parí. Funfun náà sì padà di funfun jákèjádò, àfi ti ẹnu ọ̀nà, tí wáyà rẹ̀ gùn tó mítà méje láti inú àpótí tí a gbé sẹ́yìn báńkóònì. Nítorí tirẹ̀ ni mo fi yí ìdè kékeré ara power supply sókè láti 5.0 sí 5.2. Kí ẹ rántí fólítì 5.2 yìí.

Ṣíṣẹ́jú iná

ESP32 kì í rán àmì tí ó ju fólítì 3.3 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni WS2811 tí ó ń jẹ fólítì 5 ń fẹ́ kí àmì tó ìdá 70 nínú 100 fólítì tí ó ń jẹ kí ó tó gbà pé ó ga, èyí tí í ṣe 3.5. Ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀dù adarí tó dára fi máa ń ní IC kan láàárín, tí yóò gba 3.3 wọlé, tí yóò sì rán 5 jáde. 245 ni mo lò, nítorí pé ó ní ọ̀nà mẹ́jọ, ó sì bá iye ẹnu wa mu: pínnì 1 lọ sí pọ́sítíìfù, kí dátà lè máa lọ láti A sí B, pínnì 19 lọ sí nẹ́gẹ́tíìfù, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ lè ṣí, 20 àti 10 ni oúnjẹ rẹ̀, pẹ̀lú kapásítọ̀ kékeré kan tí ó fara ti 20. Mo fi í sára pátákó fíúsì, mo sì gbà pé apá yìí ti parí.

Gbogbo rẹ̀ tàn dáadáa lórí tábìlì. Ní alẹ́ ọjọ́ tí a gbé férémù sókè, fèrèsé kẹta àti ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Hóró kan yóò ta funfun lójijì láàárín búlúù, èkejì yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀, okùn náà yóò sì tún balẹ̀. Bí àwọ̀ tí a bá ń tàn bá ṣókùnkùn, ṣíṣẹ́jú náà kò pọ̀. Bí a bá tan funfun sí gbogbo ilé, ó di púpọ̀. Màmá Àgbà jókòó sórí àga ní ìsọdá títì, wọ́n ń wò wá. Wọ́n ní, “Ẹnu ọ̀nà yẹn ń ṣẹ́jú sí mi o.” Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ méjì.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo gbé okùn fèrèsé kẹta lọ sórí ẹnu 2, mo sì gbé ti ẹnu 2 wá sórí ẹnu 3. Àìsàn náà dúró sórí ẹnu 3. Kò tẹ̀ lé okùn. Ìdánwò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ó sì gbà wá lọ́wọ́ títú okùn tí kò ṣe nǹkan kan palẹ̀, èyí tí ọmọṣẹ́ mi ti mú irin sódà lọ́wọ́ láti ṣe.

Ìkejì, nítorí pé funfun ni ó ń mú un burú sí i, mo fura sí nẹ́gẹ́tíìfù. Mo fi ẹsẹ̀ kan mítà tí ń wọn fólítì sí nẹ́gẹ́tíìfù ESP32, èkejì sí ti pátákó fíúsì, níbi tí 245 wà. Nígbà tí iná kò tàn, òdo ni mítà kà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tàn funfun, ó ka fólítì 0.21. Wáyà tí ó gbé nẹ́gẹ́tíìfù pátákó náà padà sí power supply ni ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, gbogbo áḿpù tí okùn mẹ́rin ń jẹ sì ń gba ibẹ̀ kọjá, nígbà tí ESP32 ń gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ tààrà. Nítorí náà ilẹ̀ tí 245 dúró lé ti ga ju ti ESP32 lọ pẹ̀lú 0.21, àmì 3.3 tí ESP32 rán sì di 3.09 lójú rẹ̀. Mo yọ wáyà náà, mo fi oníwọ̀n 6 tí kò gùn ju ọwọ́ lọ rọ́pò rẹ̀, ìyàtọ̀ náà sì bọ́ sí 0.03. Fèrèsé kẹta dákẹ́. Ẹnu ọ̀nà ṣì ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìtọ́ka tí ó tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà wá láti ibi tí n kò retí. Ọmọṣẹ́ mi bèèrè pé, “Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe ìgbà tí ẹ fi fólítì kún un ni ó bẹ̀rẹ̀?” Mo yí power supply padà sísàlẹ̀, sí 4.8, ẹnu ọ̀nà sì dúró jẹ́ẹ́. Mo yí i padà sí 5.2, ó tún bẹ̀rẹ̀. Agbára tí ó pọ̀ sí i ni ó ń dá a láàmú. Ohun kan ṣoṣo ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀: IC kan wà tí òdiwọ̀n ohun tí ó kà sí gíga ń gòkè bí fólítì tí ó ń jẹ ṣe ń gòkè, àmì tí ó ń dé bá a kò sì lè bá a gòkè.

Mo fi sípírítì nu orí 245 náà, mo tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, mo sì fi kámẹ́rà fóònù fa lẹ́tà ara rẹ̀ sún mọ́ mi. Ohun tí a kọ síbẹ̀ ni 74HC245. Lẹ́tà T kò sí láàárín C àti 2. Èmi ni mo bèèrè fún “245” nínú ṣọ́ọ̀bù láìsọ lẹ́tà tó ṣáájú rẹ̀, wọ́n sì fún mi ní ohun tí mo bèèrè. Ìyàtọ̀ lẹ́tà kan yìí kì í ṣe kékeré. HCT ti gbà pé àmì ga nígbà tí ó bá tó fólítì 2.0, 3.3 sì kọjá ìyẹn dáadáa. HC, ní tirẹ̀, kò fọwọ́ sọ̀yà fún ohun tí kò bá tó ìdá 70 nínú 100 fólítì tí ó ń jẹ: 3.5 bí ó bá ń jẹ 5, 3.64 bí ó bá ń jẹ 5.2. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò gba 3.3 láìjanpata, ìdí sì nìyẹn tí tábìlì fi tàn mí jẹ, ṣùgbọ́n kò jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́dún tó kọjá, àmì fólítì 5 ni Mega fúnra rẹ̀ ń rán, nítorí náà ọ̀ràn yìí kò lè ṣẹlẹ̀ sí wa nígbà náà.

Mo fi 74HCT245 rọ́pò rẹ̀. Mo ti sódà sókẹ́ẹ̀tì síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò gbà ju kí n fi irin pẹlẹbẹ gbé ọ̀kan jáde, kí n sì tẹ èkejì wọlé. Ní 5.2, pẹ̀lú funfun lórí gbogbo ilé, a jókòó wò ó fún wákàtí kan gbáko. Kò sí hóró kan tí ó ṣẹ́jú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣe àtúnṣe méjì sí i tí ó yẹ kí n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi rẹsísítọ̀ oníwọ̀n 100 sí ojú ọ̀nà dátà ẹnu kọ̀ọ̀kan, lẹ́bàá 245, kí àmì má bàa lọ lu òpin wáyà kí ó sì padà wá da ara rẹ̀ rú. Mo sì fi hóró kan sí agbedeméjì wáyà tí ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, tí a kò jẹ́ kí ó tàn rárá: iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gba àmì tí ó ti rẹ̀, kí ó tún un ṣe, kí ó sì gbé e síwájú, nítorí pé hóró kọ̀ọ̀kan ń tún àmì ṣe fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Ètò wá fo hóró yẹn dá nígbà tí ó bá ń ka ẹnu 5. Wáyà dátà àti nẹ́gẹ́tíìfù ni a lọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn jálẹ̀ ọ̀nà, a fà wọ́n yọ láti inú wáyà nẹ́tíwọọ̀kì tí ó ti lọ́ wọn tẹ́lẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́ wọ àdúgbò yẹn, iyọ̀ inú rẹ̀ sì ń jẹ bàbà. Gbogbo ojú ìsopọ̀ ni a fi sílíkọ́ọ̀nù dí, àpótí náà sì ní ihò nísàlẹ̀ kí omi tí ó bá wọlé lè rí ọ̀nà jáde.

Alẹ́ tí a tan án

A tan án ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá. Gbogbo rẹ̀ kò jẹ ju nǹkan bí wáàtì 130 lọ láti ara ínfátà, nítorí náà kò sí ẹni tí ó tan jẹnẹrétọ̀ nítorí iná ọ̀ṣọ́. Ìmọ́lẹ̀ náà jáde láti ẹnu ọ̀nà, ó gun báńkóònì, ó pín sí fèrèsé mẹ́rin, ó sì pàdé lókè ní àárín ìgbátí òrùlé, okùn òsì àti okùn ọ̀tún dé ibẹ̀ ní àkókò kan náà. Ibẹ̀ ni mo tẹjú mọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni tọdún tó kọjá ti máa ń já. Kò já. Màmá Àgbà dìde lórí àga wọn, wọ́n fọwọ́ lérí, wọ́n ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọkọ mi. Ilé bàbá wa nìyí.”

Ní alẹ́ kẹrin, fèrèsé kejì ṣókùnkùn láti hóró 87 dé 150. Ìyókù ilé kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Nígbà tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹni méjì ni a gbọ́dọ̀ fura sí: hóró àkọ́kọ́ tí kò tàn, tí ó ṣeé ṣe kí ó máà lè gba àmì mọ́, tàbí hóró 86, tí ó ṣì ń tàn ṣùgbọ́n tí ó ṣeé ṣe kí ó máà lè gbé ìyókù síwájú. A gé 87, a fi tuntun sí i, kò yí padà. A gé 86, a sódà tuntun síbẹ̀, fèrèsé náà sì tàn padà. Ó gbà wá ní ogún ìṣẹ́jú. Mo kọ ọjọ́, ẹnu, àti nọ́ńbà hóró náà sórí ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìdérí àpótí, lábẹ́ àwòrán tí ó fi hàn bí ẹnu 1 dé 8 ṣe so mọ́ ara ilé, mo sì so hóró mẹ́wàá tí kò tíì ní iṣẹ́ rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.